Àdàkọ Kọ́ Ni Ìwádìí

Ẹ̀yin ará kíláàsì mi, ẹ má bínú o. Nígbà tí tíṣà ní ká kọ ohun táwọn òǹkọ̀wé ti sọ nípa orírun Yorùbá, ọ̀pọ̀ wa ló dà á kọ látinú fóònù. Èmi náà wà níbẹ̀. Ojú ewé mẹ́ta: lágbájá sọ báyìí, tàmẹ̀dù sọ báyẹn. Ó parí. Òdo ni mo gbà, ó sì tọ́ sí mi.

Lójú tèmi, irú iṣẹ́ yìí dà bí ìpàdé ẹbí. Kì í ṣe ká kàn ka orúkọ àwọn tó wá. Ibi tí wọ́n ti fẹnu kò àti ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti yà là ń wá. Ìtàn Ifẹ̀ ní Odùduwà fi ẹ̀wọ̀n rọ̀ láti ọ̀run. Samuel Johnson, tó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897, kọ ìtàn Mẹ́kà sílẹ̀, àmọ́ kò gbà á. Ó ní ó jọ pé apá Íjíbítì tàbí Núbíà la ti wá. Ṣé ẹ rí i? Ó gbọ́ tiwọn, ó yẹ̀ ẹ́ wò, kó tó sọ tiẹ̀.

Ìbéèrè kan ló kù: ta ni wọn ò tíì bi? Látìgbà yẹn ni mo ti ń kà nípa Ajégúnlẹ̀ tiwa, mi ò tíì rí ìyá kan tó ń tajà ní Boundary níbẹ̀. Ìyá mi sì ń tajà níbẹ̀ lójoojúmọ́. Bá a bá ń da ti ẹlòmíì kọ, ta ló máa kọ tiwọn?