Iná ìjà ẹ̀sìn ń jó níta, omi tó lè pa á wà nínú gbọ̀ngàn yunifásítì

Ẹni tó bá gba iwájú ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn tàbí ti fìlọ́sọ́fì, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ọgbọ́n àti òye, kọjá nínú àwọn yunifásítì ńlá ilẹ̀ Yorùbá yóò sábà rí ìwé ìkéde lára pátákó. Àpérò wà lọ́sẹ̀ yìí, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí orí àti ìpín, òmíràn fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí bí Kìrìsìtẹ́nì, Mùsùlùmí àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ṣe lè jọ gbé pọ̀ láìjà. Bí ọjọ́ bá pé, wọn a ka ìwé tí wọ́n kọ, wọn a bi ara wọn ní ìbéèrè, wọn a ya fọ́tò, kálukú a sì gba ilé rẹ̀ lọ. Ohun tí wọ́n sọ kì í sábà kọjá ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn náà.

Bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tí kò kan ará ìlú ni wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni, kò sí ẹni tí yóò bínú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kan ará ìlú gan-an ni. Ní oṣù kejì ọdún 2022, ọ̀rọ̀ híjáàbù dá ìjà sílẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan tí ìjọ Onítẹ̀bọmi dá sílẹ̀ ní Ìjàgbó, ní ìpínlẹ̀ Kwara, ẹ̀mí sì bọ́ nínú rẹ̀. Ní ọdún 2023, àwọn kan ní Ìlọrin kìlọ̀ fún obìnrin olórìṣà kan pé kò gbọdọ̀ ṣe ọdún Ìṣẹ̀ṣe níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún le débi pé Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká kọ lẹ́tà gbangba sí Ẹ́míà Ìlọrin. Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn kan náà, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun kéde ìsinmi nítorí ọdún Ìṣẹ̀ṣe. Ohun tí ìpínlẹ̀ mẹ́rin fi ìsinmi yẹ́ sí ni wọ́n ní kò gbọdọ̀ wáyé ní ìlú mìíràn, láàrin àwọn tó ń sọ èdè Yorùbá kan náà.

Kì í ṣe pé àwọn ọ̀mọ̀wé kò tíì ronú sí irú ọ̀rọ̀ báyìí. Ọdún 1948 ni wọ́n dá yunifásítì Ìbàdàn sílẹ̀, nígbà tí wọ́n ṣì ń pè é ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Nígbà tó fi máa di ọdún 1949, Geoffrey Parrinder, òyìnbó àlùfáà ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ti ń kọ́ni nípa ẹ̀sìn níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Ìdòwú dé. Ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì lòun náà, ó tilẹ̀ padà di olórí ìjọ ọ̀hún ní Nàìjíríà. Síbẹ̀, ó kó ọ̀rọ̀ Ifá àti ìtàn àwọn àgbà jọ, ó sì kọ ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè, èyí tó jáde ní ọdún 1962. Àwọn kan bá a wí pé ojú onígbàgbọ́ ló fi wo ẹ̀sìn Yorùbá jù. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ pé kò kọ́kọ́ jókòó gbọ́ tẹnu àwọn tó ni ín kó tó sọ̀rọ̀.

Ní Ifẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúbí Ṣódípọ̀ àti Barry Hallen, ọmọ Amẹ́ríkà, gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n tọ àwọn oníṣègùn lọ ní ìhà Èkìtì, wọ́n sì bi wọ́n léèrè ìyàtọ̀ tó wà láàrin kí ènìyàn mọ nǹkan àti kí ó gbà á gbọ́. Ìwé tó jáde nínú ìwádìí náà ní ọdún 1986 fi ìdáhùn wọn hàn. Lójú àwọn àgbà yìí, ohun tí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ rí, tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí, nìkan ni ìmọ̀. Ohun tó gbà láti ẹnu ẹlòmíràn, ìgbàgbọ́ ni, nítorí pé ó gbà, ó sì gbọ́. Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn nǹkan, púpọ̀ nínú ohun tí à ń kà nínú ìwé nílé-ẹ̀kọ́ pàápàá, ìgbàgbọ́ ni.

Òṣùwọ̀n yìí kò kó ìtìjú bá ìgbàgbọ́. Ohun tó ń béèrè ni pé kí ẹni tó gba nǹkan gbọ́ mọ̀ pé òun gbà á gbọ́ ni, kí ó fara balẹ̀, kí ó yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó sì fetí sí ẹni tó gbọ́ ọ lọ́nà mìíràn. Yorùbá náà ló ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Mélòó nínú àwọn tó ń pe olórìṣà ní ẹbọra ló ti dé ìdí òrìṣà rí? Mélòó nínú àwọn tó ń bú Mùsùlùmí tàbí Kìrìsìtẹ́nì ló ti jókòó ti àlùfáà wọn béèrè ọ̀rọ̀? Àgbọ́sọ ni ọ̀pọ̀ ń gbé kiri, òun náà ni wọ́n sì ń tìtorí rẹ̀ gbé igi.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé èdè Yorùbá ni àwọn oníṣègùn wọ̀nyẹn fi dáhùn, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé náà fi jáde. Ọmọ oníṣègùn tí kò ka ìwé púpọ̀ kò lè mọ ohun tí bàbá rẹ̀ sọ. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Sophie Olúwọlé ti yunifásítì Èkó, ẹni tó kú ní ọdún 2018, kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní ọdún 2014, ó gbé Ọ̀rúnmìlà kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Socrates ti ilẹ̀ Gíríìkì, ó sì jà á pé ọgbọ́n tí a fi ẹnu sọ kì í ṣe ọgbọ́n yẹpẹrẹ. Socrates pàápàá kò kọ ìwé kankan sílẹ̀.

Àwọn olùkọ́ yunifásítì ní àwíjàre tiwọn. Àpilẹ̀kọ tí wọ́n bá tẹ̀ jáde ni wọ́n fi ń gba ìgbéga, Gẹ̀ẹ́sì sì ni wọ́n fi ń kọ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í ṣe Yorùbá náà wà ní kíláàsì. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, ó sì ṣeé ṣe. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n pa Gẹ̀ẹ́sì tì ní kíláàsì. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ní sáà kọ̀ọ̀kan, ní èdè Yorùbá, ní gbọ̀ngàn ìlú, kò pọ̀ jù láti béèrè. Yunifásítì Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Èkó ní ilé-iṣẹ́ rédíò tiwọn. Wọ́n lè gbé e sáfẹ́fẹ́ kí ọlọ́jà àti awakọ̀ gbọ́.

Ẹ̀rù ń ba àwọn mìíràn pé bí a bá gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn wá sí gbangba, ìjà ni yóò dà. Ṣùgbọ́n gbangba ni ọ̀rọ̀ náà ti wà tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn bú ẹ̀sìn ẹlòmíràn kò dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí àwọn tó ti ṣe ìwádìí bá dákẹ́, àwọn yìí nìkan ni ará ìlú yóò máa gbọ́.

Bí irú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ bá sì máa nítumọ̀, kí babaláwo, lèmọ́ọ̀mù àti pásítọ̀ má ṣe jẹ́ ẹni tí wọ́n ń ròyìn rẹ̀ lẹ́yìn. Kí wọ́n jókòó síwájú, kí kálukú wọn fi ẹnu ara rẹ̀ sọ tirẹ̀, kí àwọn yòókù sì gbọ́ ọ dópin. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.