Píà Ni, Ẹ Jẹ́ Kó Máa Jẹ́ Píà

Bí ẹnìkan bá ń ṣe sàláàdì tòmátì àti píà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, "avocado" ló máa ń pè é, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ará oko ni píà. Mi ò gbà. Àwọn ìyá tó ń tà á lọ́jà Ìkẹ́rẹ́, píà ni wọ́n ń pè é. Gẹ̀ẹ́sì gan-an, yíyá ló yá tiẹ̀: láti inú èdè Nahuatl ní Mẹ́síkò ni avocado àti tòmátì ti wá, èdè Sípéènì ló gbé wọn kọjá. Gẹ̀ẹ́sì wá fi "pear" kún un. Ìrù yẹn la mú, a fún un ní ohùn tiwa.

Ẹ gé tòmátì tó le díẹ̀, ẹ rẹ́ àlùbọ́sà sí i, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́, ẹ wọ́n iyọ̀. Píà ló kẹ́yìn. Bí omi ọsàn bá kàn án, kò ní tètè dúdú. Ẹ má rò ó jù, kó má di ọbẹ̀.

Nígbà tí a bá ń kó ọ̀rọ̀ oúnjẹ Èkìtì jọ fún iṣẹ́ àṣekágbá, a máa ń yọ píà, a ní àyálò ni. Ó dáa, ṣé a óò yọ búrẹ́dì àti tòmátì náà?