Nótíìsì Ọjọ́ Mélòó?

Àwọn òṣìṣẹ́ kan gbà pé nótíìsì oṣù kan ni fún gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1974 là á sílẹ̀ kedere: ẹni tí kò tíì ju oṣù 3 lọ lẹ́nu iṣẹ́, ọjọ́ 1, ẹni tí ó ti jù bẹ́ẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò tíì pé ọdún 2, ọ̀sẹ̀ 1, ẹni tí ó ti pé ọdún 2 tí kò tíì pé 5, ọ̀sẹ̀ 2, láti ọdún 5 lọ, oṣù 1. Bí ó bá ti tó ọ̀sẹ̀ kan, inú ìwé ni a gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sí. Òfin náà sì de ọ̀gá bí ó ti de ọmọ iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n kí ẹ̀yin olùkọ́ kíyè sí i: àwọn akọ̀wé àti àwọn tí ń fi agbára ṣiṣẹ́ ni òfin yìí wà fún. Ìwé tí a fi gbà yín síṣẹ́ ni òfin tiyín. A ti rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ tí ó bèèrè oṣù 3 lọ́wọ́ olùkọ́, tí ó sì fún onílé-ẹ̀kọ́ láyè láti lé e lóòjọ́. Ìrẹ́jẹ gbáà ni! Síbẹ̀, a kò gbè sẹ́yìn olùkọ́ tí ó fi kíláàsì sílẹ̀ nígbà tí ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kí ni àwọn ọmọ ṣẹ̀ ẹ́?

Ó yẹ kí àwọn aṣòfin wa ní Àbújá mú àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni wọ inú òfin náà, kí ìparí táàmù jẹ́ gbèdéke fún tọ̀túntòsì.