Ọgbọ́n awò ju owó dígí lọ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé irinṣẹ́ olówó ńlá ni ó ń mú iṣẹ́ dára. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé onílésà já wọn nírọ́.

Nínú rẹ̀, dígí olójú púpọ̀ ń yí bírí. Ojú kọ̀ọ̀kan ń fi ìtànṣán fa ìlà kan. Bí ojú kan bá tẹ̀ díẹ̀, ìlà rẹ̀ yóò ṣáko, lẹ́tà yóò sì bàjẹ́. Dígí tí kò lábùkù rárá wọ́n jù. Ní Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí ọdún 1971, Gary Starkweather ti ilé-iṣẹ́ Xerox fi awò kan tí ó yọ ikùn bí ẹ̀gbẹ́ ìgò sójú ọ̀nà ìtànṣán náà. Awò yìí ń dá ìlà tí ó ṣáko padà sí àyè rẹ̀.

Kí àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ kọ́ ọmọ-iṣẹ́ wọn láti wá ibi tí àbùkù wà, kí wọ́n tó ná owó sórí irinṣẹ́ tuntun.