Òdòdó Ìsọlọ̀ ní Ìlú Òtútù

Ẹni tó bá mọ Ìsọlọ̀ dáadáa yóò mọ̀ pé kì í ṣe ariwo ọkọ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Lórí ògiri ilé kan, bougainvillea aláwọ̀ àlùkò a máa yọrí sójú títì. Lẹ́nu géètì òmíràn, hibiscus pupa ni yóò kí àlejò káàbọ̀. Àárò wọn a máa sọ ọ̀pọ̀ ọmọ àdúgbò tó ti ṣí lọ sí Lọ́ńdọ̀nù tàbí Manchester. Wọn a ra ọ̀kan nígbà ẹ̀rùn, yóò sì tanná bí ẹni pé ilé ló wà. Bó bá di Oṣù Kejìlá, a wọ́wé, wọn a sì gbé e sọnù. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí wọ́n gbé sọnù náà kò tíì kú.

Kí ló fà á? Ní Èkó, ó ṣọwọ́n kí ooru òru lọ sílẹ̀ ju ìwọ̀n 20 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, ojúmọmọ kò sì jìnnà sí wákàtí 12 jálẹ̀ ọdún. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ojúmọmọ Oṣù Kejìlá kò pé wákàtí 8. Òtútù nìkan kọ́ ló ń bá igi náà jà. Àìtó ìmọ́lẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Igi tí kò rí ìmọ́lẹ̀ tó kò lè bọ́ ewé púpọ̀, nítorí náà a jù wọ́n sílẹ̀, a sì sinmi.

Inú ìkòkò ni kí ẹ gbìn ín sí, kó lè ṣeé gbé. Bí òru bá ti ń sún mọ́ ìwọ̀n 10, ẹ gbé e wọlé. Fèrèsé tó kọjú sí gúúsù ló dára jù, nítorí ibẹ̀ ni oòrùn ìgbà òtútù ń gbà wọlé. Ẹ má gbé e ti ẹ̀rọ amúlégbóná: afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń pe àwọn kòkòrò wíńníwíńní tí ń ta òwú sábẹ́ ewé bí aláǹtakùn. Ẹ dín omi kù, kí gbòǹgbò má bàa jẹrà. Bougainvillea pàápàá fẹ́ kí iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Ní Oṣù Kẹta, ẹ gé ẹ̀ka rẹ̀ kúrú. Ní Oṣù Kẹfà, ẹ gbé e síta díẹ̀díẹ̀, kí oòrùn má bàa jó ewé tuntun.

Àwọn kan a ní kí ìyá wọn gé ẹ̀ka igi iwájú ilé sínú báàgì ẹni tó ń bọ̀. Ìsọlọ̀ kò kúkú jìnnà sí pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed. Ṣùgbọ́n òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbà á láìsí ìwé ẹ̀rí ìlera ohun ọ̀gbìn, èyí tí àjọ NAQS ń fúnni ní Nàìjíríà. Kòkòrò kan tó sá pamọ́ sábẹ́ ewé lè ba oko olóko jẹ́. Ẹ ra ti ọ̀hún.

Ẹni tó bá rò pé ti ọ̀hún kì í ṣe ojúlówó, kó rántí pé àlejò ni bougainvillea ní Ìsọlọ̀ náà. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ìran rẹ̀ ti wá. Orúkọ Louis-Antoine de Bougainville, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó fi ọkọ̀ ojú omi yí ayé ká láti ọdún 1766 sí 1769, ni wọ́n fi pè é. Hibiscus pupa, ìbátan ìṣápá tí a ń sè lọ́bẹ̀, òkèèrè lòun náà ti wá. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará wa lókè òkun, bí igi yín bá wọ́wé tán, ẹ kọ́kọ́ fi èékánná họ èèpo rẹ̀ díẹ̀. Bí abẹ́ rẹ̀ bá ní àwọ̀ ewé tútù, ẹ̀mí ṣì wà níbẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ títí di Oṣù Kàrún-ún.