Ta Ló Ní Ìwé Kò Lè Pa Wá Lẹ́rìn-ín?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn tó ń ṣe fíìmù aláwàdà máa ń sọ, tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá náà sì ti gbà gbọ́ débi pé a kì í jiyàn rẹ̀ mọ́. Wọ́n ní àwàdà kò nílò ìwé. Ẹ sáà ti kó aláwàdà mẹ́ta síwájú kámẹ́rà, kí ọ̀kan wọ ṣòkòtò tó tóbi jù ú lọ, kí èkejì máa pariwo, ẹ̀rín á dé. Ní tiwọn, ìwé ìtàn-àròsọ wà fún ẹkún, fún ogun, àti fún ìdánwò WAEC. Irọ́ ni. Òṣogbo yìí gan-an sì ni ẹ̀rí rẹ̀ wà.

Ní 1952 ni wọ́n tẹ ìwé Amos Tutuola, The Palm-Wine Drinkard, jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, irú Gẹ̀ẹ́sì tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ilé wa ń tijú rẹ̀ nígbà náà. Kọ́lá Ògúnmọ́lá, ọmọ Òkèmẹ̀sí tó fi Òṣogbo ṣe ibùjókòó ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀, kò tijú ní tirẹ̀. Ó gbé ìtàn náà padà sínú Yorùbá tó ti jáde wá, ó sọ ọ́ di eré olórin, Lànkẹ́ Ọ̀mùtí, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1963. Ẹ wá wo ohun tó ṣe sí ìwé náà. Nínú ìwé, ọ̀mùtí rin ìrìn-àjò lọ sí ìlú àwọn òkú lóòótọ́, ó ń wá adẹ́mu rẹ̀ tó já lulẹ̀ láti orí ọ̀pẹ. Lórí ìtàgé Ògúnmọ́lá, àlá ni gbogbo rẹ̀. Ọtí ló gbé Lànkẹ́ lọ, oorun ló sì gbé e padà. Àwọn kan lè sọ pé ó ba ìwé jẹ́. Àwa sọ pé ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n rẹ̀ wà. Ẹni tó bá ti rí ọ̀mùtí tó ń kí ẹni tí kò sí níbẹ̀ káàbọ̀ rí, ó mọ ibi tí Ògúnmọ́lá ti rí i mú. Tutuola fún un ní egungun, òun fi ẹran àti ẹ̀rín bò ó.

“Ìtàgé nìyẹn, kì í ṣe fíìmù.” Ó dáa. Baba Sàlá ni wọ́n tún máa ń fà yọ láti fi gbè ara wọn lẹ́sẹ̀: ṣé ìwé wo ni Baba Sàlá kà kó tó pa wá lẹ́rìn-ín? Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, gbé Ọ̀run Móoru jáde ní 1982, Ọlá Balógun ló darí rẹ̀. Òótọ́ ni pé kò ti inú ìwé kankan jáde. Ṣùgbọ́n ẹ rántí bí ẹgbẹ́ alárìnjò ṣe ń ṣiṣẹ́. Wọn a gbé eré kan káàkiri láti ìlú dé ìlú fún oṣù, nígbà mìíràn fún ọdún. Ilé-Ifẹ̀ á rẹ́rìn-ín, Àkúrẹ́ á dákẹ́, wọ́n á sì yọ ibi tí kò dùn kúrò, wọ́n á fi òmíràn rọ́pò. Iṣẹ́ tí òǹkọ̀wé ń ṣe lórí tábìlì, ojú ọ̀nà ni àwọn ti ń ṣe é. Àwọn tó ń fi orúkọ Baba Sàlá búra lónìí kò ṣe ti tábìlì, wọn kò ṣe ti ojú ọ̀nà. Wọ́n á ronú ìtàn lọ́jọ́ Ajé, wọ́n á ya fíìmù lọ́jọ́rú, wọ́n á sì máa bú àwọn òǹwòran pé wọn kò mọ àwàdà.

Ohun tó sì dá Baba Sàlá lóró kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé, olè ni. Ó yá owó ṣe Ọ̀run Móoru. Àwọn ọ̀daràn jí i dà sínú fídíò, wọ́n ń tà á káàkiri kó tó rí owó rẹ̀ kó jọ. Ọmọ Òṣómàáló, ọmọ àwọn tó ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí wọn yóò fi gbowó wọn, òun fúnra rẹ̀ kò rí ẹni tí yóò lóṣòó tì. Kí a má tíì kẹ́dùn jìnnà o. Ó pọ̀ nínú àwa tó ń ka èyí tó jẹ́ pé orí Telegram la ti ń wo fíìmù Yorùbá lọ́fẹ̀ẹ́, tí a óò sì tún kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ìtàn náà kò mọ́lẹ̀ dáadáa.

Bí ẹ bá fẹ́ fíìmù gan-an, Túndé Kèlání ti dáhùn yín ní 1997. Ó sọ Ó Le Kú, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ní 1974, di fíìmù lábẹ́ ilé-iṣẹ́ tirẹ̀, Mainframe. Ìparí rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, a mọ̀. Ṣùgbọ́n kí ìparí tó dé, àwàdà pọ̀ níbẹ̀: Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ tó yẹ kó máa múra ìdánwò àṣekágbá, tó ń sáré láàárín ọmọbìnrin mẹ́ta. Ta ni kò mọ Àjàní kan ní họ́sítẹ́ẹ̀lì rẹ̀? Fíìmù yẹn tún dá ìró kúkúrú padà sí ìgbà, tí àwọn obìnrin fi ń pè é ní olékú títí dòní. Ìwé tí wọ́n ní kò lè tajà ló dá àṣà ìwọṣọ sílẹ̀ yẹn o.

Kí ló wá kù lórí pẹpẹ tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn? Ẹ ṣí Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje, tí Fágúnwà kọ ní 1954, ẹ lọ sí ìlú Èdìdàrẹ́. Ìlú àwọn òmùgọ̀, tí Òmùgọ́diméjì ń jọba lé lórí. Wọ́n á ní Fágúnwà máa ń náni lówó, pé iwin àti ẹbọra gba kọ̀ǹpútà ńlá. Èdìdàrẹ́ kò gba kọ̀ǹpútà kankan. Àgbàlá kan, adé kan, ogún èèyàn tó lè ṣe wèrè láì rẹ́rìn-ín, ó parí. Ní ti pé ó bá ìgbà mu, ẹni tó bá ń gbọ́ ìròyìn lórílẹ̀-èdè yìí kò nílò àlàyé wa. Àjà Ló Lẹrù ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí náà wà níbẹ̀. Ìtàn ọ̀daràn ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnu Lápàdé nìkan tó fíìmù.

Ẹ gbàṣẹ ṣá o. Òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ilẹ̀ wa ti 2022 ní ẹ̀tọ́ náà kò tíì tán títí 70 ọdún lẹ́yìn ikú òǹkọ̀wé, Fágúnwà sì kú ní 1963. Ẹbí wọn ló ni í. Ẹ lọ bá wọn, ẹ san ohun tí ẹ bá jọ ṣàdéhùn. Ẹ má ṣe jí ìtàn náà, kí ẹ yí orúkọ Òmùgọ́diméjì padà, kí ẹ ní ẹ lá àlá.

Àwa náà lẹ́jọ́ jẹ́. Bí a bá to gbogbo àpilẹ̀kọ àṣekágbá tó dá lórí ìṣọwọ́lo-èdè Fágúnwà sílẹ̀, ó lè gùn láti Òkè-Fìà dé Ọjà Ọba. A mọ gbogbo àwítúnwí tó wà nínú ìwé náà, a ti kà wọ́n, a ti fún wọn lórúkọ. A kò béèrè rí pé báwo ni a ṣe máa gbé ojú ìwé kan síwájú kámẹ́rà tí yóò fi pa ìyá tó ń tajà ní Olúọdẹ lẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, a bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ kọ eré fíìmù láti inú ìwé Yorùbá fi ìyẹn rọ́pò àpilẹ̀kọ rẹ̀. Kó kọ orí kan tì í tó ṣàlàyé ohun tó yọ, ohun tó fi kún un, àti ìdí rẹ̀. Iṣẹ́ náà yóò le ju èyí tí à ń ṣe báyìí lọ.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde, ẹ ṣe é, ẹ wo àpótí ìwé yín. Yunifásítì Ìbàdàn tẹ ọ̀rọ̀ inú Lànkẹ́ Ọ̀mùtí jáde ní 1968. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ẹ̀dà kan tó lè yá wa, kó kọ̀wé sí wa. A ó kà á pọ̀, a ó sì dá a padà láì ya ojú ewé kankan.