Ara Ríro Tí Kò Hàn Sójú: Ìrìn Ẹsẹ̀ Wà Lára Oògùn Rẹ̀

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tí Ó fún wa ní ara, tí Ó sì fi í ṣe àmánà sí wa lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí wà nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Ìbàràpá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í sábà pè é lórúkọ. Obìnrin kan wà tí gbogbo ara ń ro. Lónìí èjìká ni, lọ́la ìbàdí ni, lọ́túnla láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ó sùn mọ́jú, ó jí bí ẹni tí kò fojú kan oorun. Ohun tí wọ́n sọ fún un láàárọ̀ ti fò lọ níyè rẹ̀ kí ó tó di ọ̀sán. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọn kò rí nǹkan kan. Wọ́n ya fọ́tò egungun rẹ̀, egungun pé. Ìgbà náà ni ẹnu ará ilé wá bẹ̀rẹ̀: ọ̀lẹ ni, ó ń díbọ́n ni, àwọn ayé ló ń bá a jà.

Àìsàn ni. Fibromyalgia ni àwọn dókítà ń pè é. Nínú ẹni 100 káàkiri ayé, a máa mú tó ẹni 2 sí 4, àwọn obìnrin ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Kì í jẹ oríkèé bí àwọn oríṣi làkúrègbé kan ti ń ṣe. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ọpọlọ àti iṣan inú ọ̀pá ẹ̀yìn ń gbé ìrora ga ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹ fi wé ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́sáláásí tí ẹnì kan ti yí sókè jù: ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kò pariwo, ṣùgbọ́n ariwo ni gbogbo àdúgbò ń gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ tí a kàn fi kan ẹni bẹ́ẹ̀ lè dùn ún bí ẹni pé wọ́n lù ú. Ìrora náà kì í ṣe irọ́.

Àwa ará Ìbàràpá kò yẹ kí a pẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí tó yé wa. Àwọn àgbà wa rántí sòbìà, pàápàá ní Ìdèrè, níbi tí àwọn onímọ̀ ìlera láti Yunifásítì Ìbàdàn ti bá àwọn ará ìlú ṣiṣẹ́ lórí omi mímu. Sòbìà a dá àgbẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lásìkò iṣẹ́ oko, kò sì sí ẹni tó ń pè é ní ọ̀lẹ, nítorí pé ojú gbogbo wa ló ń rí aràn náà bó ti ń jáde lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ní ọdún 2013 ni àjọ ìlera àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ sòbìà. Ẹni tí àìsàn rẹ̀ hàn, a káàánú rẹ̀, a sì wá ọ̀nà àbáyọ fún un. Ẹni tí tirẹ̀ kò hàn, a ń bú u. Èyí kò bá ìdájọ́ òdodo mu, kò sì bá ẹ̀sìn wa mu.

Èrò wa ni pé lára ohun tó yẹ kí ẹbí kọ́kọ́ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni àyè láti máa ṣe eré ìdárayá. Ó lè ya yín lẹ́nu. Ṣé ẹni tí ara ń ro ni a ó tún ní kó máa rìn kiri? Bẹ́ẹ̀ ni. Ní ọdún 2016, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa làkúrègbé ní Yúróòpù, tí wọ́n ń pè ní EULAR, ṣe àtúnyẹ̀wò gbogbo ìtọ́jú tí àwọn ènìyàn ń lò fún àìsàn yìí. Eré ìdárayá nìkan ṣoṣo ni wọ́n fi ọwọ́ líle sọ̀yà fún. Kò sí oògùn oníhóró kankan tó gba irú ìyìn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

Kí ni ìrìn lè ṣe nínú ara? Bí ẹ̀gún bá gún wa, àwọn ọmọ ogun ara a tú àwọn èròjà kan jáde tó ń mú ojú ibẹ̀ gbóná, tó sì ń mú un wú. Nǹkan rere ni, bí ó bá parí iṣẹ́ rẹ̀ tó sì lọ. Lára ọ̀pọ̀ àwọn tó ní fibromyalgia, kò sí ibi tó wú tí ojú lè rí, ṣùgbọ́n ìwádìí ti fi hàn pé irú àwọn èròjà wọ̀nyí lè pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn ju ti ẹlòmíràn lọ. Àwọn onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Spain ní kí àwọn obìnrin tó ní àìsàn yìí wa kẹ̀kẹ́ ojú kan náà níwọ̀ntúnwọ̀nsì. Nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2013, wọ́n rí i pé àmì wíwú inú ara yìí dínkù lára wọn lẹ́yìn rẹ̀. Iṣan ara tó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ máa ń tú èròjà tó ń pẹ̀tù sí wíwú jáde.

Apá kejì ni másùnmáwo. Bí ìdààmú bá dé, ara a tú adrenaline àti cortisol jáde kí a lè sá tàbí kí a jà. Ẹni tí ìrora kò jẹ́ kó sinmi, tí wọ́n tún ń bú, ara rẹ̀ wà lójú ogun lọ́sàn-án lóru. Ìdààmú a gba oorun lọ́wọ́ rẹ̀, àìsùn a sì dá kún ìrora. Ní nǹkan bí ọdún 1975, Harvey Moldofsky àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà dí àwọn tí ara wọn le lọ́wọ́ láti sun oorun àsùnwọra fún òru mélòó kan. Ara bẹ̀rẹ̀ sí í ro àwọn náà! Eré ìdárayá tí a ń ṣe déédéé a máa rọ ọkàn, a máa jẹ́ kí oorun wọra, a sì máa kọ́ ara bí yóò ṣe gba wàhálà kó sì tún rọlẹ̀ padà. Kò ní pa àìsàn náà run, ṣùgbọ́n yóò jẹ́ kí ayé rọrùn fún ẹni tó ni ín.

Àwọn kan yóò sọ pé, “Ìyàwó wa ń ṣiṣẹ́ tó. Ó ń bó ẹ̀gẹ́, ó ń yan gàrí, ó ń bó ẹ̀gúsí. Eré ìdárayá wo ló tún kù?” Iṣẹ́ yàtọ̀ sí eré ìdárayá. Ẹni tó jókòó ti agbada gàrí fún wákàtí mẹ́rin, apá kan náà ló ń jù, ẹ̀yìn kan náà ló tẹ̀, èéfín wà lójú rẹ̀, kò sì lè dúró nígbà tó bá rẹ̀ ẹ́. Eré ìdárayá ni èyí tí gbogbo ara ń bá wa ṣe, tí a ń ṣe níwọ̀n tí a yàn, tí a sì ń dá dúró nígbà tí a bá fẹ́. Láyé àtijọ́, ìrìn oko àti ìrìn ọjà ń fún wa ní ìwọ̀nba rẹ̀. Lónìí, ọ̀kadà ló ń gbé wa láti ilé dé ẹnu ọ̀nà mọ́sáláásí.

Àwọn mìíràn yóò ní ìtìjú kò jẹ́ kí obìnrin Mùsùlùmí ṣe eré ìdárayá. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó wà nínú Hàdíìsì pé Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) bá Àíṣà ìyàwó rẹ̀ sáré ìje. Aṣọ tó bo ara kò dí ìrìn lọ́wọ́. Ohun tó ń dí i lọ́wọ́ ni ọkọ tí kò gbà, ọmọ tí kò bá ìyá rẹ̀ gbé iṣẹ́ ilé, àti àwùjọ tí kò pèsè àyè.

Báwo ni kí a ṣe bẹ̀rẹ̀? Ẹ kọ́kọ́ rí dókítà. Àìtó ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ ṣúgà, àìsàn ẹ̀ṣẹ́ inú ọrùn àti làkúrègbé gidi lè fara jọ ọ́, wọ́n sì ní ìtọ́jú tiwọn. A kò jìnnà sí oníṣègùn: láti ọdún 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn wá sí Igbó-Ọrà. Olóògbé Dókítà Oluyombo Awojobi, tó ṣiṣẹ́ láàárín wa ní Èrúwà títí di ọdún 2015, fi táyà ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ṣe ẹ̀rọ tí ó fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ó kọ́ wa pé kì í ṣe gbogbo ìtọ́jú ló nílò ẹ̀rọ olówó ńlá.

Lẹ́yìn náà, kí ìrìn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Bí ara bá gbà á fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, kí a fi ìṣẹ́jú díẹ̀ kún un, títí yóò fi tó 20 tàbí 30. Ara lè ro díẹ̀ sí i ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí ó bá le jù, kí a dín in kù, kí a má pa á tì. Ẹni tó bá fi ipá ṣe púpọ̀ lọ́jọ́ kan lè dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀sìn wa ti kọ́ wa pé iṣẹ́ kékeré tí a kò dá dúró ni Ọlọ́hun fẹ́ràn jù, ó sì gba aláìsàn láyè láti jókòó kírun. Ìrọ̀rùn kan náà ló yẹ kí a lò níhìn-ín.

A sì ń bẹ̀ yín: ẹ ṣọ́ra fún oògùn onírúurú tí wọ́n dì pọ̀ sínú ọ̀rá tí wọ́n ń tà fún ara ríro. Bí dexamethasone tàbí prednisolone bá wà níbẹ̀, ara yóò kọ́kọ́ fúyẹ́, ṣùgbọ́n lílò rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ lè gbé ìfúnpá àti ṣúgà sókè, kó sì sọ egungun di ahẹrẹpẹ. Ẹni tó bá sì ti ń lò ó tipẹ́, kó má ṣàdédé dá a dúró láìrí dókítà.

Ohun tí a ń béèrè kò pọ̀. Kí ọkọ yọ̀ǹda ìdajì wákàtí fún ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Sùbúhì tàbí lẹ́yìn Àlàásárì, kó sì bá a rìn bí àyè bá wà. Kí àwọn ẹgbẹ́ Àsàlátù wa ní Igbó-Ọrà, Èrúwà àti àwọn ìlú yòókù máa rìn pọ̀ ní àárọ̀ Sunday kí wọ́n tó jókòó, kí ẹnikẹ́ni má dá rìn. Kí àwọn àlùfáà wa sì sọ ọ́ lórí mínbárì pé ẹni tó ní ìrora ń sọ òótọ́, àti pé ara ní ẹ̀tọ́ lórí ẹni tó ni ín. Kí Ọlọ́hun fún gbogbo aláìsàn wa ní àlàáfíà. Àmín.